Ẹja Tí Mo Fi Sínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì Opa Jessen

Lurup, Hamburg
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ mi, Àdùkẹ́ mi,

Inú ìwé ni mo kọ èyí sí, mi ò sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá ti dáhùn kí n tó parí gbólóhùn kejì, wàá ní, "Dádì, alles gut, kò sí wàhálà, mo ti gbọ́," ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ìwé kì í jẹ́ kí ọmọ já lu ọ̀rọ̀ baba rẹ̀. Wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á dé òpin. Ìyá rẹ ní kí n má jẹ́ kó gùn. Mo ní ṣé òun nìkan ló bí ọ ni?

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ wa ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ akẹ́rùránṣẹ́ ní Tempelhof ní Berlin, ìyá rẹ jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ èmi jù ni pé kí o tó mọ ọ̀nà ọjà ní Kreuzberg dáadáa, o ti wá ẹgbẹ́ apẹja kan rí, o sì ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ará Ẹ̀pẹ́ ni. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí o kọ́kọ́ fa ẹja sókè létí odò Elbe, tí o ké débi pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń juwọ́ sí wa.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi ní Ọjọ́rú ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. O ní Sátidé tó ń bọ̀ ni Königsangeln yín, ìdíje ọdọọdún tí ẹgbẹ́ fi ń mọ ẹni tó máa jẹ ọba apẹja. O ní Bàbá Lehnert, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi wọn gbé ọ lọ pẹja, ti ń wá oyè yìí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ, wọn ò jẹ ẹ́ rí. Ìyàwó wọn kú lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. O wá ní:

"Dádì, mo ti decide. Wọ́n máa ń tòògbé nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá jẹun tán. Tí mo bá pa ńlá, màá kàn jí wọn, màá ní ọ̀pá tiwọn ló gbé e. Nur einmal, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí inú wọn dùn. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi pé a kì í jẹ́ kí àgbà padà sílé lọ́wọ́ òfo?"

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Irọ́ ni mo pa. Nẹ́tíwọ̀kì dáa. Ojú ló tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn gan-an ni mo ṣe fún Opa Jessen, òun ni ó sì gbé e kúrò láyé wa.

Mo mọ̀ pé o rántí Opa Jessen; Opa, ìyẹn Bàbá Àgbà, ni o máa ń pè é. Ó máa ń mú Franzbrötchen, búrẹ́dì dídùn yẹn, wá fún ọ ní àárọ̀ Sátidé, bébà rẹ̀ á ti rin fún bọ́tà. O bi mí nígbà náà ìdí tí kò fi wá mọ́. Mo ní ó ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Bremen. Ọmọ mi, kò kó lọ síbì kankan. Altona tó wà ni ó wà títí ó fi kú. Bọ́ọ̀sì kan péré ni láti ilé wa.

Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Apẹja ni bàbá mi lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Wọn ò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí kí wọ́n tó pa ẹja. Nígbà tí mo dé Hamburg, tí mo ń ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté, ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo rí, mo ra okùn àti ìwọ̀, mo wa ekòló, mo lọ jókòó sétí odò, mo ń kọrin. Ọkùnrin kan wá, ó ní kí n mú Fischereischein mi wá, ìyẹn ìwé àṣẹ ìpẹja. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹja inú omi ni, Ọlọ́run ló ni ín." Mi ò ní sọ gbogbo bó ṣe parí fún ọ. Mo ṣáà rìn padà sílé láìsí okùn, láìsí ìwọ̀, láìsí ẹja.

Àgbàlagbà kan tó ń pẹja nítòsí ló sáré tẹ̀lé mi. Jessen nìyẹn. Ó fi ogún ọdún jù mí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń pè é ní "Sie", ìyẹn "ẹ̀yin", tí mo ń tẹ̀ríba, ó kọ̀, ó ní "du", ìyẹn "ìwọ", ni ká máa pe ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "ó" nínú ìwé yìí, kì í ṣe pé mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní òun á kọ́ mi fún ìdánwò. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jókòó ní ilé ìdáná rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo ń kọ́ orúkọ ẹja bí ọmọ ilé-ìwé: Zander, Hecht, Aal. Barsch ló fẹ́ràn jù, ẹja abìlà tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn, tó jọ básì tí Kúnlé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà díje lé lórí. Tọ̀dọ̀ Kúnlé, wọ́n á wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á dá a padà sómi. Níbí, èyí tí o bá pa tó bá tó ìwọ̀n, o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, òfin sì ni.

Nítorí náà, èkíní: bí o ṣe wọ ibi iṣẹ́ tuntun yẹn, má ṣe rò pé ohun tí o mọ̀ ní Hamburg ló máa sìn ọ́ ní Berlin. Béèrè. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá sì sáré tẹ̀lé ọ lọ́jọ́ tí ojú tì ọ́, di irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ṣinṣin. Èmi ò dì í mú, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Èkejì kéré, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo yege ìdánwò, tí mo wọ ẹgbẹ́ apẹja tí Jessen wà, mo pa Zander kékeré kan nínú ìdíje. Kò tó ìwọ̀n gígùn tí òfin sọ, mo sì mọ̀. Mo ti ń gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi nígbà tí Jessen rí mi. Kò pariwo. Ó gbé rúlà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja náà, ó ní òun ń lọ ra kọfí. Nígbà tó fi padà dé, ẹja ti wà nínú odò. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó gbé kọfí fún mi. Tí o bá dọ̀gá lọ́la, tí ọmọ abẹ́ rẹ ṣe àṣìṣe, rántí kọfí yẹn. Fún un láyè kó fúnra rẹ̀ tún un ṣe kí o tó kó ariwo bò ó.

Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo ṣàárò ìgbà náà. Mo ṣàárò rẹ̀ débi pé tí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti èbúté, oókan àyà mi á kọ́kọ́ fò. A máa ń dé etí odò kí kùrukùru tó ká. Ìyá rẹ á ti di mọ́ínmọ́ín fún wa, Jessen á máa fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, omijé ata á máa dà lójú rẹ̀, á sì tún na ọwọ́ sí òmíràn. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí bí mo ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn. Bí bàbá mi ṣe ń so ó l'Ẹ̀pẹ́ ni mo ṣe ń so ó, mo máa ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, màá wá fi eyín fà á. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Hamburg tó ń so ó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó burú lójú, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí i kó tú. Àwọn ọdún yẹn dùn ju bí mo ṣe mọ̀ nígbà náà lọ.

Ó wá di ọdún kan, nígbà ìwọ́wé. Jessen ti díje fún oyè ọba náà nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò jẹ ẹ́. Ó sọ fún mi pé èyí ni yóò ṣe ìkẹyìn, dókítà ti ní orúnkún rẹ̀ ò lè gba òtútù etí odò mọ́. Ìbò tí wọ́n dì fún ààyè fi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Nígbà tó máa di agogo mọ́kànlá, Barsch kékeré mẹ́ta péré ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Okùn ọkùnrin kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́ mọ́ ti ẹlòmíràn. Jessen, bó ti máa ń ṣe, fi ọ̀pá tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n máa ṣọ́ ọ, ó lọ bá wọn tú u. Ọjọ́ tó ń díje fún ìgbà ìkẹyìn láyé rẹ̀ o! Ibi tó ti ń tú okùn olókùn lọ́wọ́ ni ẹja gbé ìwọ̀ mi. Barsch ni, ó gùn láti ìgúnpá mi dé ìka ọwọ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú omi yẹn, mi ò sì tíì rí i títí di òní.

Mo ronú bí ọmọ Yorùbá. Mo ní, ṣé èmi ọmọdé á gbé èyí délé, kí àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ gbé mẹ́ta tíntìntín? Ẹja náà ti gbé ìwọ̀ mì. Mo yára gé okùn mi, mo gé ti Jessen náà kó má baà fura, mo sọ ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó dé, mo ní, "Ọ̀pá rẹ ló gbé e, mo bá ọ fà á." Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ni ọ̀pá ló ni ẹja, ẹni yòówù kó bá a fà á. Jessen wo ẹja, ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ lórí koríko tútù, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé mi ò ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fàdákà oyè sí i lọ́rùn, gbogbo ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, ìwọ gan-an wà lórí èjìká mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn wa. O sáré lọ wò bóyá ó mú Franzbrötchen wá. Kò mú nǹkan kan wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó na ọwọ́ sí mi, ìwọ̀ mi wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rí i nínú ikùn ẹja nígbà tó ń là á. Ìdì okùn bàbá mi ṣì wà lórí rẹ̀, ìyílẹ́ẹ̀mẹ́rin. German ló fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Yorùbá ni mo fi ń gbọ́ ọ nínú mi:

"Samuel, mo ti pàdánù nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tèmi. Èyí tí mo borí nìkan ni kì í ṣe tèmi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní níbi tí wọ́n ti bí mi, ọ̀wọ̀ ni. Ó ní, "Níbi tí wọ́n ti bí mi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o kà mí sí aláìlágbára." Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, mi ò tẹ̀lé e.

Ìyẹn ṣì kéré. Àṣìṣe nìyẹn, ọ̀wọ̀ ló bí i, Ọlọ́run á fojú àánú wò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Jessen dá ẹ̀wọ̀n oyè padà fún ẹgbẹ́. Ó ní ẹja náà kì í ṣe ti òun. Wọ́n bi í pé ti ta ni. Kò dárúkọ mi. Wọ́n wá pinnu fúnra wọn pé ńṣe ló lọ rà á ní ọjà ẹja kó lè jọba kó tó kú. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, "Ọba Ọjà Ẹja". Uwe, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, gbogbo wọn sì gbà á. Èmi náà wà níbẹ̀, mo di ife bíà mú. Mo sọ fún ara mi pé èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́, tí mo bá lanu, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo jẹ́ kí àgbà ru ẹrù mi. Jessen ò wá sí ẹgbẹ́ mọ́. Èmi ń lọ. Nígbà tó yá, nítorí pé mi ò kì í ṣe màgòmágó, èmi ni wọ́n fi ṣe olùdi-òṣùwọ̀n-mú, ẹni tó ń wọn ẹja nínú ìdíje. Rẹ́rìn-ín, kò burú.

Nígbà tó kú, a lọ síbi ìsìnkú. Alága ẹgbẹ́ dìde, ó ní Jessen mọ omi, ó sì mọ ẹja, kò sì sí ẹni tí kì í ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò ṣìnà rí. Mo jókòó, mo tẹ orí ba. Ìyá rẹ rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohùn rẹ ní Ọjọ́rú ni ọjọ́ tèmi. Ní alẹ́ Ẹtì tó kọjá, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé. Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, mo dìde. Mo ní, "Ẹja Jessen, èmi ni mo fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò mọ̀ títí ó fi là á. Èmi lẹ ń wá." Mo ti kọ́ gbólóhùn German náà sórí láti àárọ̀. Uwe gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde lọ síta, kò padà wọlé. Alága bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Mo ní, "Nítorí pé ọmọ mi fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Berlin, mi ò sì lè sọ fún un pé kó má ṣe é, kí èmi ṣì máa di òṣùwọ̀n mú."

Wọ́n gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pinnu lóṣù tó ń bọ̀ bóyá mo ṣì lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n sì fẹnu kò níbẹ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Jessen kò ṣe màgòmágó rí. Ó pẹ́, mo mọ̀. Òkú kì í ka ìwé ìpàdé.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, nítorí náà má retí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Mo kọ́ ọ láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Tí Bàbá Lehnert bá ń gbé ẹrù, gbà á. Tí wọ́n bá ń wọ ọkọ̀, di ọwọ́ wọn mú. Se ọbẹ̀ lọ sílé wọn nítorí ìyàwó wọn tó kú, bá wọn jókòó, má jẹ́ kí wọ́n dá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo ìyẹn ni oore. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Tí o bá fún wọn ní ẹja rẹ nínú ìdíje, ohun tí ò ń sọ ni pé wọn kò lè pa á, pé ìdíje wọn ti tán, pé ìwọ nìkan lò ń díje nínú ọkọ̀ yẹn. Àgbà tó bá ṣì ń jáde wá jókòó sínú òtútù kò tíì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun parí rẹ̀.

Bákan náà ni níbi iṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé o ti ń fi iṣẹ́ rẹ sábẹ́ orúkọ àgbà kan ní ọ́fíìsì nítorí pé ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìyá rẹ ló sọ ọ́, má bínú sí i. Jáwọ́ níbẹ̀. Ìwọ ṣì wà nínú Probezeit, wọ́n ṣì ń dán ọ wò, òun náà kò sì ní kó o gba iṣẹ́ òun ṣe.

Kí Ọlọ́run tó ṣọ́ mi lórí omi méjì ṣọ́ ọ. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe bọ́ sínú ohun tí yóò bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o máa wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ní Sátidé, tí Bàbá Lehnert bá ń tòògbé, tí ẹja gbé ìwọ̀ rẹ, fà á, ké kí wọ́n jí, kí o sì fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tìrẹ lójú wọn. Fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún ọ díje. Tí o bá borí wọn, kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ kí o kí wọn. Àwọn ará Berlin ò ní mọ ohun tí ò ń ṣe, kò kàn wọ́n. Tí Bàbá Lehnert bá sì borí rẹ, kúnlẹ̀ kí wọn bákan náà, Àdùkẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló borí rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ